Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́, nítorí àwọn ìwé inú àpótí

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, lálẹ́.

Fọláṣadé, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ó di ọjọ́ 23 lónìí tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn. Mò ń kà á. Ohun tí ò ń kọ ránṣẹ́ sórí fóònù kì í ṣe ohùn. “Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́, ara mi le, iṣẹ́ ló pọ̀.” Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì rí bákan náà, àní kọ́mà kan kò yẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó fi ọdún 31 wo àṣìṣe ìwé nílé ìtẹ̀wé ni mí. Mo mọ gbólóhùn tí èèyàn jókòó kọ, mo sì mọ èyí tó dà kọ láti inú ti àná.

Ìdí tí mo fi mú bébà àti bírò nìyí. Bí mo bá pè ọ́, o ò ní gbé e. Bí mo bá kọ ọ́ sórí fóònù, àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé ni wàá fi dá mi lóhùn. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Ìkòròdú ló máa bá mi mú lẹ́tà yìí wá. Mo ti sọ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé.

Ara ìyá yín ń balẹ̀, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu bí òjò bá ṣú. Ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tán. Páànù ilé ìdáná ń jò, káfíńtà ní òun ń bọ̀. Tẹlifíṣọ̀n kú lọ́jọ́ tí iná dé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù, n kò sì tíì tún un ṣe. Òun ló jẹ́ kí n fa àpótí tí o fi sílẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìtàn ìpànìyàn, ìtàn ohun tó pamọ́, wọ́n kún un dẹ́nu. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kà wọ́n. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, torí ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, ọwọ́ rẹ sì ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Hadley Chase ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 1979 tí mò ń kọ́ṣẹ́, à ń yá ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ara wa, à ń fi àtùpà kà á títí èéfín á fi kún wa nímú. Gbogbo wa gbà pé ará Amẹ́ríkà ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, pé René Raymond ni orúkọ rẹ̀, pé máàpù àti ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro ló fi ń kọ nípa Amẹ́ríkà tí kò gbé rí. Mo yìn ín fún ìyẹn. Àmọ́ ní báyìí tí irun ti funfun lórí mi, eré rẹ̀ ti yá jù fún mi. Òkú á ṣubú, wọ́n á gba orí rẹ̀ fò lọ síbi owó. Ìtàn ìpànìyàn tí ìyá ẹnì kankan kò ti sunkún kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́.

Mo wá mú Àjà Ló Lẹrù, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó jáde ní 1969. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa kà á nìyí. Lápàdé ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, síbẹ̀ kò lè rí iṣẹ́ ibi kó mójú kúrò. Òwe lẹ́nu rẹ̀, ìkúùkù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá ka Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ti Kọ́lá Akínlàdé tẹ̀lé e, wàá rí i pé Akínlàdé ń to ẹ̀rí jọ ní sùúrù bí ẹni ń to ìgò oògùn, nígbà tí Òkédìjí ń fi ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lé ọ̀daràn ní òpópónà tí àwa náà ń rìn. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Ti Òkédìjí ló ń dùn mọ́ mi létí, torí bí o bá kà á sókè, yàrá á kún fún ohùn èèyàn.

Orúkọ ìwé yẹn gan-an ló dá mi dúró lọ́tẹ̀ yìí. Àjà ló lẹrù. Mo gbójú sókè wo àjà ilé wa, mo rí àpótí, àkísà àga, ìkòkò ìyá mi àgbà, gbogbo ohun tí a kò fẹ́ kí àlejò rí ní pálọ̀. Ọdún mélòó ni a ti ń dì í lé e, tí a kò bi í bóyá ó wúwo? Àṣàkẹ́, ìwọ la fi ṣe àjà ilé yìí.

Ta ni ò ń bò mọ́lẹ̀?

Owó oògùn ìyá yín tí o máa ń fi ránṣẹ́ níparí oṣù, oṣù kejì rèé tí kò dé. Mo ti ra oògùn náà. Gbọ́ mi yé: n kò tìtorí owó kọ̀wé. Ibi tí owó ń gbà lọ ni mo fẹ́ mọ̀. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ìyá yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ pé kí o bá òun ká etí bùbá. Ó ní tinkó méjèèjì, máṣíìnì ìránṣọ ńlá tí o fi ń ṣiṣẹ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Máṣíìnì kékeré aláfọwọ́yí kan ló kù lórí tábìlì. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ sọ fún un pé ó ti tó oṣù méjì ààbọ̀ tí wọ́n ti gbé e lọ. Ó ní o rù. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, ìyá yín kò tíì gbọ́.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Wọ́n kọ orúkọ Kúnlé, àbúrò rẹ, síbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n ní olè ni, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kìlọ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ ọ́, láàárọ̀, lálẹ́. Ó wá dáké lójijì. Kúnlé kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ta ló san án? Nígbà tí wọ́n dáké yẹn náà ni tinkó rẹ rìn. Èyí kò gba kí Lápàdé wá bá mi wò ó.

Èwo ni ti ìdákẹ́jẹ́? Ṣé mo ti gé ọ létí rí nítorí pé o sọ òótọ́? Máa dá mi lóhùn lọ́kàn rẹ kí o tó kà síwájú, torí n ó dá ara mi lóhùn nísàlẹ̀.

Mo tún ka The Murder of Roger Ackroyd ti Agatha Christie, tó jáde ní 1926. Ìyá yẹn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní ọsibítù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, abájọ tó fi mọ májèlé bí ẹni mọ ata inú ọbẹ̀. Dókítà kan ló ń sọ ìtàn náà, òun náà ló sì pa ẹni tó kú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á dópin, inú bí mi, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní obìnrin yìí rẹ́ mi jẹ. Mo wá tún un kà pẹ̀lú bírò pupa bí mo ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́, mò ń wá ibi tí dókítà náà ti purọ́. N kò rí i. Òótọ́ ló ń sọ bọ̀ láti òkè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fò. Láàárín gbólóhùn kan sí èkejì, níbi tí ojú kì í dúró sí, ibẹ̀ ló ti pààyàn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí o kọ sí mi rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ le, mo gbà. Iṣẹ́ pọ̀, mo gbà. Kí ló wà láàárín “ara mi le” àti “iṣẹ́ ló pọ̀”?

Lọ́dún 1926 kan náà, ní oṣù Kejìlá, Agatha Christie fúnra rẹ̀ sọnù. Wọ́n rí mọ́tò rẹ̀, wọn kò rí i. Àwọn ọlọ́pàá àti èrò rẹpẹtẹ ń tú igbó kiri. Ọjọ́ 11 ni, kí wọ́n tó bá a ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Harrogate. Ọjọ́ 11 ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dìde. Tìrẹ ti di 23, èmi nìkan ni mo dìde.

Wàyí o, ìwé Oyinkan Braithwaite tí o fi ránṣẹ́ sí mi nígbà Kérésì. My Sister, the Serial Killer, ti 2018. Mo ti ń yẹra fún un nítorí àkọlé rẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn tó kù fẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Mo kà á lóòrù ọjọ́ méjì. Orí rẹ̀ kúrú, òmíràn kò kún ojú ewé kan, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bírò pupa yọ níbẹ̀. Wọ́n kà á mọ́ àwọn ìwé tí wọ́n ń wò fún ẹ̀bùn Booker ní 2019, ó sì tọ́ sí i. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní ó ń pa àwọn lẹ́rìn-ín. N kò rí ibi ẹ̀rín níbẹ̀.

Ayọ̀ọlá, àbúrò, rẹwà, ó ń pa ọkùnrin tó bá ń fẹ́. Ọ̀bẹ bàbá wọn ló fi ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò lè wo Ayọ̀ọlá. Kórèdé, ẹ̀gbọ́n, ni ojú mi ń tẹ̀ lé. Nọ́ọ̀sì ni. Bí wọ́n bá ti pè é, á gbé búlíìṣì, á lọ nu ẹ̀jẹ̀ tí kò ta sílẹ̀. Ó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń sápamọ́ sí tí ojú kò ní tó. Àwọn méjèèjì gbé òkú lọ sórí Third Mainland Bridge, wọ́n jù ú sínú ọ̀sà. Afárá tí ìwọ náà ń gbà. Ohun tí ìyá wọn sì mọ̀ ọ́n wí ni pé ẹ̀gbọ́n ló ń tọ́jú àbúrò. Kórèdé kò rí ẹni tó máa sọ ohun inú rẹ̀ fún, àfi aláìsàn kan tó ti dákú lọ gbọnrangandan ní ọsibítù, nítorí ó rò pé kò lè gbọ́ òun.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo pa ìwé náà dé. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, máa mójú tó àbúrò rẹ.” Ẹnu ta ni ìwọ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Àṣàkẹ́? Ẹnu mi ni. O kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́jọ́ tí a gbé Kúnlé dé láti ọsibítù, mo sì fi í lé ọ lẹ́sẹ̀, mo ní tìrẹ nìyí.

Ìyá wọn nínú ìwé yẹn lòǹkọ̀wé kò bi ní ìbéèrè tó. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Bí ẹlòmíràn bá jẹ́ òbí, ó lè má rí i. Èmi rí i.

Mo ní n ó dá ara mi lóhùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀ níhìn-ín, fojú fo kíkọ rẹ̀ dá.

O rántí ₦3,000 owó ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi ní 2004. Ọmọ ọdún 12 ni ọ́. Kúnlé jẹ́ mẹ́jọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ibùsùn àìsàn dìde. Inú ìwé orin ni mo fi owó náà sí. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, owó ti lọ. Mo tò yín sí pálọ̀. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì, o ti ní, “Èmi ni, bàbá mi.” Mo yọ bẹ́líìtì, mo nà ọ́. Kúnlé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ó ń wolẹ̀.

Ohun tí o kò mọ̀ rèé. Ẹ̀yìn ìwé orin náà ti ń já, mo sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kí n tó jáde. Gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ nígbà tí ẹni tó mú owó ṣí i. Àtàǹpàkò kékeré kan tẹ̀ ẹ́, ó sì gbẹ bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbé e súnmọ́ iná, kì í ṣe ìlà ìka ni wàá rí níbẹ̀, òwú aṣọ ni, ní ìbú àti ní òòró, wínníwínní, bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ tẹ ẹ̀kọ tútù. Báńdéèjì ni. Ta ló di báńdéèjì mọ́ àtàǹpàkò nínú ilé wa lọ́sẹ̀ yẹn? Kúnlé ló fi abẹ gé ara rẹ̀, ìyá yín ló bá a dì í.

Mo ti rí i kí n tó tò yín. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ lọ́nà tó máa fi dùn: mo ti rí i kí n tó yọ bẹ́líìtì.

Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mo bá fọwọ́ kan Kúnlé, àìsàn rẹ̀ á tún padà. Ìwọ wá fi ara rẹ sílẹ̀, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ nítorí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ọjọ́ yẹn ni Kúnlé mọ̀ pé ẹnì kan wà tó máa máa bá òun gba pàṣán. Ọjọ́ yẹn ni ìwọ náà mọ iṣẹ́ rẹ nínú ilé. Owó iléèwé rẹ tí mo sapá san kò kọ́ ọ ní ohun tó wọ̀ ọ́ lára tó ìyẹn.

Ọmọ mi, dárí jì mí. Ó ti lé lógún ọdún. Ó yẹ kí n ti bẹ̀ ọ́ kí irun mi tó funfun.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà, o kì í ṣe ọmọ ọdún 12 mọ́! Obìnrin tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́, ló gbé tinkó méjì tó ń bọ́ ọ tà láti fi san gbèsè tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù! Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni. Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò tó gbàgbé síbí nígbà Àjíǹde. Kí lo rò pé ó máa ṣe nígbà tó rí i pé gbèsè náà pòórá? Á tún ta òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ tí o nù lónìí, o ti fi omi sílẹ̀ fún ti ọ̀la.

Bí wọ́n bá gbé ìwé onídùúró wá, má fọwọ́ sí i. Bí o bá ti fi BVN rẹ yáwó fún un, sọ iye rẹ̀ fún mi láìyọ kọ́bọ̀ kan. Má bẹ̀rù pé n ó pariwo. Mo ní owó díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, n kò ní fún Kúnlé ní kọ́bọ̀ níbẹ̀, àmọ́ tinkó kan á padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ.

Ta ni ò ń bò? Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni.

Lightseekers ti Fẹ́mi Káyọ̀dé, ti 2021, ni mo kà kẹ́yìn. Èrò pa ọmọ iléèwé gíga mẹ́ta ní ìlú kan lẹ́bàá Port Harcourt, bàbá ọ̀kan nínú wọn sì bẹ Philip Taiwo, onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn, kó bá òun wá ìdí tí wọ́n fi pa ọmọ òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aluu ní 2012 ló bí ìtàn náà, ìwọ náà á rántí bí ìyá yín ṣe sunkún nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde. Ìwé náà gùn, ó sì ń fà níbì kan láàárín, ṣùgbọ́n n kò lè gbé e sílẹ̀ nítorí bàbá yẹn. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ èèyàn ńlá, ó ń wá òtítọ́ nípa ọmọ tí kò lè dá a lóhùn mọ́. Èmi, ọmọ mi wà láàyè. Ó wà n'Íkòròdú. Fóònù rẹ̀ ń dún.

Ọ̀kan tún wà níbẹ̀, ti Òkédìjí náà, Atótó Arére, ti 1981. Àlàbí ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láti ìgbà èwe tí ilé ti dàrú mọ́ ọn lórí títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ olè. Nínú ìwé yòókù a máa ń bèèrè ta ló ṣe é. Nínú ti Àlàbí, èmi ń bèèrè ta ló ti ọmọ náà débẹ̀. N kò lè kà á tán. Kúnlé ni mò ń rí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Ọmọ mi ni òun náà. Má rò pé mo fẹ́ kí o kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mò ń bọ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Ìwó Road ni n ó wọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Kúnlé pé kó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ kó tó di agogo mọ́kànlá, n kò sọ ohun tí mo fẹ́ bá a sọ. Iwájú mi ni kó jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ mi ni kí ìwọ wà. Ìwé orin náà ti wà nínú báàgì mi. Kúnlé ni mo máa kọ́kọ́ bi léèrè lọ́tẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kó fi àtàǹpàkò rẹ̀ lé ibẹ̀ wò. Má fọ ṣọ́ọ̀bù dè mí, má sè nǹkan kan. Ìyá yín á di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún mi.

Pè mí kó tó di Sátidé. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wá, mí sínú fóònù, n ó gbọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.